Ta Ló Fi Ìgò Lé Ọmọ Náà Lọ́wọ́? Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ètò Ìdènà Ọtí Ọmọdé

Ìgbìmọ̀ àdúgbò tó bá ti lè sọ síta pé òun fẹ́ dá ọtí mímu dúró láàárín àwọn ọmọdé, àwọn tó ń ta ètò á kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ẹnì kan á gbé ìwé ẹ̀kọ́ ilé ìwé wá. Ẹlòmíì á ní òun á dá àwọn olùtajà ọtí lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kẹta á yọ ẹ̀rọ tó ń ka káàdì ìdánimọ̀ jáde nínú àpò, ẹ̀kẹrin á sì kó fìlà, bírò àti sítíkà dé, tí wọ́n kọ "Má mutí" sí lára. Gbogbo wọn ló ní fọ́tò tó dùn ún wò. Owó tó wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kì í sì í ká gbogbo rẹ̀.

Ìbéèrè kan la fi yẹ̀ wọ́n wò. Ìgò tó dé ọwọ́ ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí tí òfin gbà láti ra ọtí, ta ló fi lé e lọ́wọ́, ṣé ètò yìí sì dé ọ̀dọ̀ ẹni yẹn? Ọmọdé kì í pọn ọtí. Ó rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, tàbí àgbàlagbà kan bá a rà á, tàbí ó bù ú nínú ìgò tó wà nílé, tàbí wọ́n gbé e fún un níbi àríyá. Ètò tí kò bá fọwọ́ kan ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́rin wọ̀nyí, ariwo lásán ni. Fìlà àti sítíkà ti já síbẹ̀, a ò sì ní padà sórí wọn mọ́.

Àyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù: 8 nínú 10

Iṣẹ́ yìí kò le láti ṣàlàyé. Wọ́n á rán ọ̀dọ́ tí kò tíì tó ọjọ́ orí lọ ra ọtí, àgbàlagbà á máa wò ó láti ọ̀ọ́kán. Bí olùtajà bá béèrè káàdì tó sì kọ̀ láti tà, ó yege. Bó bá tà á, ọwọ́ òfin tẹ̀ ẹ́.

Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọjọ́ orí ọtí ti jẹ́ 21, ti kọ ìlànà iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́nà tí àdúgbò yòówù lè fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ọmọ tí wọ́n rán kò gbọ́dọ̀ tíì pé 20 ọdún. Ìrísí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ ti ẹni tí kò tíì tó 21. Káàdì tirẹ̀ gan-an, tó ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ tòótọ́, ni kó mú dání, tàbí kó má mú káàdì kankan. Bí wọ́n bá béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ purọ́. Bí wọ́n bá sì tà á fún un, ọlọ́pàá á mú un padà wọlé kó lè fojú kojú tọ́ka sí ẹni tó tà á. Ọkọ̀ọ̀kan nínú ìlànà wọ̀nyí ń dí ihò kan tí lọ́yà olùtajà ì bá gbà sá jáde. Ẹ rán ọmọkùnrin tó ti ní irùngbọ̀n lọ, ẹ ó gbọ́ "ó jọ àgbà lójú mi." Ẹ jẹ́ kó purọ́ ọjọ́ orí, ẹ ó gbọ́ "òun ló tàn mí jẹ." Ẹ fò ti ìfojúkojú, ẹ ó gbọ́ "èmi kọ́ ni mo wà ní káúńtà lọ́jọ́ náà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ ya fọ́tò ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀ nínú aṣọ tó máa wọ̀ jáde. Kò gbọ́dọ̀ kun ojú tàbí ètè, kò sì gbọ́dọ̀ dé fìlà tó bo iwájú orí. Kí ìwé ìyọ̀ǹda òbí tí wọ́n ti fọwọ́ sí wà nínú fáìlì. Ẹ kọ nọ́ńbà ara owó bébà tí ẹ fún un sílẹ̀, kí owó mìíràn má sì sí lápò rẹ̀. Ẹ má rán an lọ síbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, torí olùtajà tó mọ ìyá rẹ̀ á gbà pé ìyá ló rán an níṣẹ́. Àgbàlagbà kan á ti kọ́kọ́ wọlé bí oníbàárà, á dúró síbi tí ojú rẹ̀ ti tó káúńtà, èkejì á wà níta. Ọmọ á mú ìgò kan, á gbé e sórí káúńtà, á na owó. Kò ní bẹ̀bẹ̀, kò ní dápàárá, kò ní sọ pé bàbá òun ló rán òun. Bí wọ́n bá kọ̀, á ní ó dáa, á jáde. Bí wọ́n bá tà á, á gbé e jáde láìṣí i. Ìdí ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ni kí ẹ ti fi ìgò náà sínú àpò, kí ẹ kọ ọjọ́, aago, orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ìrísí olùtajà sára rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí ẹ bá fi dìgbà tí ẹ bá délé, ṣọ́ọ̀bù kẹta á ti dà á pọ̀ mọ́ ìkejì.

Ohun tó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ni pé olùtajà mìíràn á gba káàdì, á yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, á rí ọjọ́ ìbí, á sì tún tà á. Nítorí náà, fọ́ọ̀mù tó ní "ó tà" àti "kò tà" nìkan kò wúlò. Ẹ fi àyè mẹ́rin sí i: ṣé ó béèrè ọjọ́ orí, ṣé ó béèrè káàdì, ṣé ó wo káàdì náà, ṣé ó tà á. Ẹni tí kò béèrè rárá, àṣà béèrè ni kò ní. Ẹni tó wò ó tó ṣì tà á, ìṣirò ni kò mọ̀, tàbí kò gbójú sọ pé rárá sí oníbàárà. Ìwòsàn àrùn méjèèjì kò dọ́gba, ẹni tó bá sì ta ètò yìí fún yín láìní fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, àbọ̀ iṣẹ́ ló tà.

Ibi tí àyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù ti pàdánù àmì méjì nìyí. Olùwádìí Alexander Wagenaar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2005 lórí irú àyẹ̀wò yìí ní Amẹ́ríkà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ọlọ́pàá bá ti yẹ ibì kan wò, ìṣeéṣe pé wọ́n á ta ọtí fún ọmọdé níbẹ̀ dín kù ní ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra ọtí lọ sílé, kí oṣù mẹ́ta tó pé, gbogbo rẹ̀ ti pòórá. Ní báà àti ilé oúnjẹ, ìdá 8.2 ló ṣẹ́ kù. Ẹ̀rù ni àyẹ̀wò ń tà, ẹ̀rù kì í sì í pẹ́ kó tó kúrò lára. Ẹni tó bá ta àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún fún yín, oṣù mẹ́ta ló tà fún yín, ó fi oṣù mẹ́sàn-án ta olùtajà lọ́rẹ.

Àwọn nǹkan mìíràn tó máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n burú. Fóònù ni àkọ́kọ́: ṣọ́ọ̀bù tí ọwọ́ bá ti tẹ̀ á pe èkejì, kí ẹ sì tó dé òpópónà tó kàn, gbogbo wọn ti ń béèrè káàdì lọ́wọ́ bàbá arúgbó. Ẹ pín sí ẹgbẹ́ méjì, kí ẹ parí òpópónà kan láàárín wákàtí kan. Ìkejì, ẹ má yan kìkì àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn láìdáa. Ẹ yẹ gbogbo wọn wò, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní ẹ ń dọdẹ òun. Ìkẹta, bó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ nìkan ni ìyà ń jẹ tí ẹni tó ni ìwé àṣẹ kò sì mọ̀ ọ́n lára, ọmọ iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n á gbà, àṣà yẹn á sì dúró bó ṣe wà. Ẹ kéde ṣáájú pé àyẹ̀wò ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ ọjọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tó yege bí ẹ ṣe kọ ọ́ sí ẹni tó kùnà. Lẹ́tà ìyìn yẹn ni olùtajà máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri, oníbàárà rẹ̀ á sì kà á.

Ẹ béèrè òfin ibi tí ẹ wà kí ẹ tó rán ọmọ kankan, torí ọ̀pọ̀ ibi ni kò ti sẹ́ni tó lè rán ọmọdé lọ ra ọtí bí kì í bá ṣe ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí àwọn yẹn kò bá ṣe tán, ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn olùwádìí ti ń lò: ẹ rán ẹni tó ti tó ọjọ́ orí ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ṣì kéré. Kò sí òfin tó ṣẹ̀, kò sẹ́ni tí wọ́n máa mú, ẹ ó sì mọ iye ṣọ́ọ̀bù tó ń béèrè káàdì. Èyí dára gan-an fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́, tí ẹ kàn fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Irú àyẹ̀wò yìí náà wà fún àgbàlagbà tó ń bá ọmọ ra ọtí. Ọ̀dọ́ á dúró níta ṣọ́ọ̀bù, á bẹ ẹni tó ń wọlé pé kó bá òun ra ìgò kan, á sì sọ fún un pé òun kò tíì tó ọjọ́ orí. Àgbègbè tí wọ́n bá ti ṣe é dáadáa, pátákó tí wọ́n gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù láti sọ ìyà tó wà nídìí ẹ̀ gan-an ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, torí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ti ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń bọ̀ lẹ́yìn: kí ọmọ tẹ bọ́tìnnì pé "mo ti tó ọjọ́ orí" kì í ṣe àyẹ̀wò kankan, ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ti ń gbé ọjà náà léni lọ́wọ́ ni káúńtà wà. Àyẹ̀wò tí kò bá kan àwọn tó ń gbé ọtí dé ilé kò pé mọ́.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùtajà, 4. Ẹ̀rọ káàdì, 3. "Challenge 25", 7

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lásán kò lè dá dúró. Nínú ìwádìí 2005 yẹn náà, wọ́n dá àwọn máníjà lẹ́kọ̀ọ́, wọn ò sì rí àyípadà kan pàtó tó ṣeé tọ́ka sí nínú títà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: àwọn tó ń dúró ní káúńtà kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ẹni tí ẹ dá lẹ́kọ̀ọ́ ti lọ. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ rà á fún ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì wò ó bóyá ó kọ́ wọn ní ohun tí ọwọ́ ń ṣe: kí oníbàárà yọ káàdì kúrò nínú pọ́ọ̀sì kó tó fún wọn, kí wọ́n fi ìka tọ́ etí rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti bó o, kí wọ́n wo fọ́tò kí wọ́n tó wo ojú, kí wọ́n béèrè nǹkan kan tó wà lára káàdì tí ẹni tó yá a ò ní tètè rántí. Ó yẹ kó tún kọ́ wọn ní gbólóhùn tí wọ́n máa fi kọ̀, torí ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn láti sọ ọ́. "Ẹ má bínú, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi" ń ṣiṣẹ́ ju ìwàásù lọ.

Ẹ̀rọ tó ń ka káàdì ń ṣe ìṣirò ọjọ́ orí láìṣàṣìṣe, ìyẹn sì dára. Àmọ́ kò lè mọ̀ bóyá ẹni tó fún un ní káàdì ló ni ín. Káàdì ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ àbúrò á kọjá wẹ́rẹ́. Ó tún máa ń sọ olùtajà di ọ̀lẹ: iná ewé tàn, ó parí. Bébà lásán tí wọ́n kọ ọjọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí owó lè ṣe ìṣirò kan náà. Bí òní bá jẹ́ 3/5/2025 tí ọjọ́ orí sì jẹ́ 18, kí bébà sọ pé: "Ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn 3/5/2007, a ò ní tà á fún un." Ẹni tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ni kó máa yí i. Bébà tó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lára ògiri, irọ́ ló ń pa.

"Challenge 25" ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wú wa lórí jù nínú ọ̀wọ́ yìí. Ọjọ́ orí ọtí níbẹ̀ jẹ́ 18, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá jọ ẹni tí kò tíì tó 25 ni wọ́n máa béèrè káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Scotland, ó ti di dandan látọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2011. Èèyàn kì í mọ ọjọ́ orí wò lójú. Ẹni 17 lè jọ 20. Àlàfo ọdún méje yẹn ló ń gba àṣìṣe ojú mọ́ra. Ó sì gba olùtajà lọ́wọ́ èébú, torí kò pe ẹnikẹ́ni ní ọmọdé. Òfin ṣọ́ọ̀bù ló ní kó béèrè. Ibi tó ti ń kùnà ni kí wọ́n lẹ àmì rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn kí wọ́n má sì lò ó ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí èrò pọ̀. Àyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù ló lè tú àṣírí yẹn.

Ẹ̀kọ́ ilé ìwé: láti 1 dé 6

Ìpàdé ńlá kan ṣoṣo lọ́dún, níbi tí ẹni tí ọtí ti ba ayé rẹ̀ jẹ́ ti wá ń sunkún níwájú àwọn ọmọ, 1 la fún un, àmì yẹn sì jẹ́ ti ìgboyà ẹni tó wá sọ̀rọ̀. Ìlànà àgbáyé lórí ìdènà oògùn olóró, tí UNODC (àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè lórí oògùn olóró) àti WHO (àjọ ìlera àgbáyé) tún tẹ̀ jáde ní 2018, ka dídẹ́rù ba ọmọ, ìwàásù aláìníbèérè àti ẹ̀rí ẹni tó ti lò ó rí mọ́ ohun tí kì í so èso rere. Ọmọ tó ń gbọ́ ọ ń ronú pé ẹni yìí ti mu ún ní ìmukúmu, ó ṣì wà láàyè, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

D.A.R.E., ètò ẹ̀kọ́ ìdènà oògùn olóró ní ilé ìwé, bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles ní 1983, láàárín ọlọ́pàá àti ilé ìwé: ọlọ́pàá nínú aṣọ iṣẹ́ ló ń kọ́ kíláàsì. Ó tàn ká. Àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀, ọlọ́pàá fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ọmọ pàápàá fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí tọ àwọn tó kà á lẹ́yìn fún ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1999, wọn kò rí ìyàtọ̀ láàárín wọn àti àwọn tó gba ẹ̀kọ́ ìlera lásán. Ìwé ẹ̀kọ́ àtijọ́ nìyẹn o. Láti 2009 ni wọ́n ti gba ìwé ẹ̀kọ́ mìíràn, nítorí náà ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ ti àtijọ́ dá ti òde òní lẹ́jọ́, ẹ má sì fi òkìkí àtijọ́ rà á.

Èyí tó sàn jù lọ́wọ́ wa ni Unplugged: ẹ̀kọ́ 12, wákàtí kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún àwọn ọmọ 12 sí 14 ọdún. Tíṣà wọn gan-an ló ń kọ́ wọn lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Wọ́n dán an wò ní orílẹ̀-èdè 7 ní Yúróòpù pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 7,000, lẹ́yìn oṣù 18, ìgbà tí ọtí ń pa àwọn tó kà á ṣì kéré sí ti àwọn tí kò kà á. Ti sìgá kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Apá kan nínú rẹ̀ yẹ kí a wò fínnífínní, torí ibẹ̀ gan-an ni tíṣà máa ń já ṣubú. Ní apá náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan á kọ sórí bébà: nínú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ́ mi, mélòó ló mutí lóṣù tó kọjá? Iye tí wọ́n ń kọ máa ń ga, torí ẹni tó mutí ló ń pariwo, ẹni tí kò mu ún kì í sọ ọ́. Tíṣà á wá fi iye tòótọ́ hàn wọ́n, kíláàsì á dákẹ́. Ọmọ tó rò pé òun nìkan ni kò tíì mu ún á mọ̀ pé àwọn tó pọ̀ jù lòun wà láàárín wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá lo iye ilẹ̀ ibòmíì, àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Bí iye tòótọ́ bá sì ga ju èyí tí wọ́n kọ lọ, ẹ ti fi ẹ̀rí sí i pé gbogbo ayé ló ń mu ún. Kí ẹ tó kọ́ ọ, ẹ fi ìbéèrè wá iye tiyín: láìsí orúkọ, kí wọ́n jù ú sínú àpótí tó ní títì, kí tíṣà má rìn láàárín ìjókòó nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Bí iye náà bá ga, ẹ fo apá yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni tó rò pé ìwé ẹ̀kọ́ tó ṣiṣẹ́ níbì kan á ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, kó wo Brazil. Wọ́n tún Unplugged ṣe níbẹ̀, wọ́n pè é ní #Tamojunto, wọ́n sì dán an wò ní ilé ìwé ìjọba 72 ní ìlú 6. Ìwádìí tó jáde ní 2017 fi hàn pé àwọn tó kà á ló tún ń bẹ̀rẹ̀ ọtí mímu ju àwọn tí kò kà á lọ. Wọ́n ní láti padà sórí ìwé náà. Ìdí nìyí tí àmì Unplugged fi dúró sí 6: ó lágbára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yẹ kó tún un ṣe láìtún dán an wò.

Ó sì ní ohun tí ẹ̀kọ́ ilé ìwé, bó ti wù kó dára tó, kò lè ṣe. Kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi ìgò lé ọmọ lọ́wọ́.

Ti òbí: 7, bí wọ́n bá wá

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bí ọmọ bá ń tọ́ ọ wò lọ́dọ̀ àwọn, kò ní ya wèrè sí i lóde. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ní Australia, wọ́n tọ àwọn ọ̀dọ́ 1,927 pẹ̀lú òbí wọn lẹ́yìn fún ọdún 6, wọ́n tẹ àbájáde jáde ní 2018: ọtí tí òbí fi fún ọmọ kò dáàbò bò ó. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló tún ń rí i gbà lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíì, tí wàhálà ọtí sì pọ̀ lórí wọn jù. Àǹfààní kankan kò sí níbẹ̀. Bí ètò òbí kan kò bá sọ èyí ní gbangba ní ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ kọjá lára rẹ̀.

Strengthening Families Program fún ọmọ 10 sí 14, tí Iowa State University ń pín, ló ní ìlànà tó gún jù. Ọ̀sẹ̀ 7 ni, wákàtí méjì lọ́sẹ̀. Wákàtí kìíní, òbí wà ní yàrá kan, ọmọ wà ní òmíràn. Wákàtí kejì, wọ́n á jókòó pọ̀, wọ́n á ṣe ohun tí wọ́n kọ́. Ìpàdé àfikún 4 wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ nílò ẹni mẹ́ta láti darí rẹ̀, ọ̀kan fún òbí, méjì fún ọmọ. Ẹni tó bá ní ọ̀kan á tó fún àwọn ọmọ kò tíì bá ọmọ ọdún 12 mẹ́wàá jókòó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ rí. Ohun tó ń pa á ni pé ìdílé ń já kúrò. Ẹ pèsè oúnjẹ, ẹ pèsè ẹni tó máa tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ ronú ọkọ̀ tó máa gbé wọn padà. Ètò tí kò ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn òbí tí ọmọ wọn kò ní ìṣòro ló máa ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìgbèríko Iowa. Ní Poland, nígbà tí wọ́n dán an wò, wọn kò rí èrè kan tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà.

Èyí tó rọrùn ju ìyẹn lọ, tó sì wù wá, ni ti ilẹ̀ Netherlands. Níbi ìpàdé òbí tí ilé ìwé máa ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹni tó mọ̀ nípa ọtí á sọ̀rọ̀ fún bí 20 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà àwọn òbí kíláàsì kan náà á jókòó, wọ́n á fẹnu kò lórí òfin kan náà fún gbogbo ọmọ wọn, ilé ìwé á sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ilé. "Ìyá lágbájá gbà fún un" á di irọ́ lẹ́nu ọmọ, torí ìyá lágbájá náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní ilé ìwé 19, ti òbí nìkan kò ṣe nǹkan tó tó sọ, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe fún ọmọ nìkan náà kò ṣe é. Nígbà tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀, ọtí mímu ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ dín kù.

Iceland: ẹ má wulẹ̀ béèrè àmì rẹ̀

Gbogbo ìgbìmọ̀ ló máa ń béèrè rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ní 1998, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ 15 sí 16 ọdún níbẹ̀ ló ti mutí yó láàárín oṣù kan. Ní 2016, ó ti di ìdá 5. Wọ́n fi aago sí ìgbà tí ọmọ gbọ́dọ̀ wà nílé: ní ìgbà òtútù, aago 8 alẹ́ fún àwọn 12 ọdún sísàlẹ̀, aago 10 fún àwọn 13 sí 16. Àwọn òbí ń rìn káàkiri àdúgbò lálẹ́. Ìjọba ń ran ìdílé lọ́wọ́ lórí owó eré ìdárayá àti orin, wọ́n ń fi ìbéèrè wádìí lẹ́nu àwọn ọmọ déédéé, èsì sì ń padà sọ́dọ̀ ilé ìwé kí ó tó tutù. Ọjọ́ orí ríra ọtí jẹ́ 20. Ètò Planet Youth ń ta ìmọ̀ràn rẹ̀ fún ìlú mìíràn. A ò fún un ní àmì, torí ohun púpọ̀ ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà tí kò sẹ́ni tó lè yọ ẹyọ kan kó ní òun ló ṣe é. Bí ẹ bá máa mú nǹkan kan níbẹ̀, ẹ mú ìwádìí tó ń padà síbi tó ti wá. Iye tó ti di ọdún méjì kì í lé òbí jáde nílé lálẹ́.

Bí ẹ bá máa rà á

Fún ìgbìmọ̀ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, bí a ṣe máa ná an nìyí. Ẹ fi olùrà olójú kékeré tó ti tó ọjọ́ orí wo gbogbo ṣọ́ọ̀bù àti báà lóṣù kìíní, láìfìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ pe àwọn tó ni wọ́n, ẹ fi iye hàn wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba òfin 25 tàbí irú rẹ̀. Lóṣù kẹta, àyẹ̀wò gidi pẹ̀lú ọlọ́pàá, kí ó sì máa padà wá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìpàdé òbí lórí òfin kan náà á bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ 12 ti Unplugged yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíṣà bá parí. Ẹ̀rọ káàdì lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Nínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó ń ta àyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù, ẹ wá ojú ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ sí. Kí ọjọ́ àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì wà níbẹ̀, kí ó má ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ sí àkọ́kọ́, kí wọ́n sì kọ ẹni tó máa sanwó rẹ̀ síbẹ̀. Bó bá ní ká kọ́kọ́ wo bí àkọ́kọ́ ṣe máa rí ná, ẹ dá ìwé náà padà fún un.